Oṣù Mẹ́ta Tí Mo Fi Kọ́ Àwọn Ọmọ Mi Láti Ojú Fèrèsé

Ìwọ tí o ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí o ń sọ fún ara rẹ pé ọyẹ́ lásán ni, ìwọ ni mo jókòó kọ èyí fún. Àti ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ orúkọ àìsàn náà fún, tí o kò tíì lè pè é jáde lẹ́nu fún ẹnikẹ́ni. Ikọ́ fée ṣe mí rí, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní tarin fuka. Mo wà láàyè. N kò ní fi ohunkóhun pamọ́ fún ọ, títí kan èyí tó tì mí lójú.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni mí. Kabba ni ìlú wa, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì lọ́kọ sí. Gonin Gora là ń gbé, nínú àwọn ilé titun tó wà lẹ́yìn títì márosẹ̀ Àbújá. Àbújá ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, a ó sì máa retí rẹ̀ láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin Rigasa nírọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yẹn, èmi ni ìyá, èmi ni bàbá, èmi náà sì ni tíṣà.

Mo pe ara mi ní tíṣà nítorí pé ilé ni àwọn ọmọ mi ti ń kàwé. Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀. Ilé ìwé tí Tolú, àkọ́bí mi, ń lọ wà ní òdìkejì ìlú. Lọ́jọ́ kan ìlú gbóná, àwọn ṣọ́jà dí ọ̀nà, n kò sì rí ọmọ mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ó ti tọ̀ sára, ó sì ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Mo sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Ọmọ yìí kò ní kọjá ṣẹ́kípọ́ìntì kankan mọ́ nítorí ìwé. Mo lè kọ́ ọ fúnra mi." Àwọn aládùúgbò ń pe tiwa ní ilé ìwé pálọ̀. Kò dùn mí. A ní ìwé àkókò tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fíríìjì. Tolú ń fọ abọ́, Dámi ń gbá àgbàlá, Ìfẹ́ tó kéré jù ń fún àwọn adìyẹ lóúnjẹ. Tí a bá ti mu ògì àti kosai, àkàrà àwọn Haúsá, tán, a ó jókòó sídìí tábìlì: Bíbélì, ìṣirò, ìwé kíkà. Ọjọ́ Rú ni ti èdè Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì tàbí Haúsá ni wọ́n máa ń fi dá mi lóhùn. Ayé mi kò tóbi, ṣùgbọ́n mo mọ gbogbo igun rẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ta ni kì í wúkọ́ nígbà ọyẹ́ ní Kàdúná? Mo ra oògùn ikọ́ nílé kẹ́mísìtì, mo mu ún tán, mo tún ra òmíràn. Ọyẹ́ lọ, ikọ́ kò lọ. Ibà kékeré kan a máa wá bá mi ní ọwọ́ ọ̀sán, bí àlejò tó mọ àkókò. Mo ń lo oògùn ibà. Tí mo bá jí láàárọ̀, aṣọ tí mo fi sùn á ti rin gbindin. Ìró mi kò dúró nídìí mọ́, mo sì ń dúpẹ́ pé mo ti fọn díẹ̀, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ fọn! Lọ́jọ́ kan mo ń ka ìtàn fún wọn, èémí mi tán láàárín gbólóhùn kan. Tolú na ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó sì kà á parí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń máàkì ìwé ìṣirò Dámi. Ikọ́ gbé mi, mo fi ọwọ́ bo ẹnu, mo ń báṣẹ́ lọ. Ọmọ náà gba ìwé rẹ̀ padà, ó wò ó, ó fajú ro.

"Mọ́mì, mo gba èyí o. Kí ló dé tí ẹ fi báírò pupa sí i?"

Báírò búlúù ló wà lọ́wọ́ mi.

Mo gba ìwé náà, mo ní kí gbogbo wọn jáde lọ ṣeré. Mo jókòó ti tábìlì yẹn, mo ń wo kínní pupa tó tò wínníwínní lórí ìṣirò ọmọ mi. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé mo ti ń tan ara mi.

Mo dé ọsibítù kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, síbẹ̀ èrò ti kún. Ìlà wà fún káàdì, ìlà wà fún dókítà. Nígbà tí ó kàn mí, tí dókítà gbọ́ pé ikọ́ náà ti lé lóṣù méjì, tí ó sì ní ẹ̀jẹ̀ nínú, ó fún mi ní ìbòmú, ó ní kí n jáde lọ sábẹ́ igi dongoyárò ní ẹ̀yìn ilé. Ibẹ̀ ni àwọn oníkọ́ ń jókòó. Bẹ́ǹṣì méjì. Ẹnikẹ́ni kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó gbẹ bí igi ìdáná, ó ń wo ilẹ̀. Mo jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì kejì, mo yí ojú sí ògiri, kí ẹni tó mọ̀ mí ní ṣọ́ọ̀ṣì má bàa kọjá. Wọ́n fún mi ní ike kékeré kan, wọ́n ní kí n wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àárọ̀ sí i. Ọjọ́ kẹta ni mo padà lọ gbọ́ èsì.

Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó wa níbẹ̀, Sista Ladi ni wọ́n ń pè é, obìnrin Kàfàńchán kan tó sanra, tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tarin fuka ne, amma ana warkewa." Ikọ́ fée ni, ṣùgbọ́n ó ń san. Ó ní ìjọba ló ń fúnni ní oògùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, pé oṣù mẹ́fà ni màá fi lò ó, n kò sì gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Ó ní afẹ́fẹ́ ló ń gbé e, kì í ṣe àwo tàbí ṣíbí. Kí n wà ní yàrá tèmi, kí n ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí n máa lo ìbòmú, títí àyẹ̀wò á fi sọ pé n kò lè kó o ran ẹlòmíràn mọ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo bi í.

"Àwọn ọmọ mi ńkọ́?"

"Kó wọn wá," ló wí.

Mo pe ọkọ mi lórí fóònù kí n tó wọ kẹ̀kẹ́. "Ikọ́ fée ni wọ́n pè é," ni mo sọ.

Mo ń gbọ́ ìró fáànù ọ́fíìsì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan."

"Má tíì sọ fún ẹlòmíràn."

Ó bi mí bí ara mi ṣe rí lẹ́yìn náà, ó sì bá mi gbàdúrà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn ló kù sí mi létí. Lọ́jọ́ Ẹtì tó dé, ó sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé taifọ́ọ̀dù ló dá mi gúnlẹ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa gbé ọsàn àti mílíìkì wá, ẹnu géètì ló ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo ń gbọ́ ohùn wọn. Mo mọ ohùn ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn.

Mo kó àwọn ọmọ lọ fún àyẹ̀wò. Ara Tolú àti Dámi mọ́. Wọ́n ní Ìfẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rin, kò tíì ní àìsàn náà, ṣùgbọ́n kí ó máa lo oògùn tí kò ní jẹ́ kí ó mú un. Ọmọ tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni Ìfẹ́. Èmi ló ń mí sí i lójú. N kò lè sọ bí ó ṣe rí lára mi láti máa gbọ́ bí Tolú ṣe ń tàn án kí ó gbé oògùn náà mì.

Yàrá àlejò tó wà lẹ́yìn ilé ni mo kó sí. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àgbàlá. Ọjọ́ kejì tí mo wọ ibẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ nǹkan lórí ilẹ̀. Bẹ́ǹṣì ilé ìdáná ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò sórí rẹ̀ lábẹ́ òrùlé, wọ́n gbé ìwé sórí itan.

"Mọ́mì, a ti dé," ni Tolú wí. "Ojú ìwé wo ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni kíláàsì wa ṣe di ojú fèrèsé. Mo jókòó sínú pẹ̀lú ìbòmú, wọ́n jókòó síta ní ọ̀ọ́kán, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé wà láàárín wa. Mo ń pe ọ̀rọ̀, wọ́n ń kọ ọ́. Wọ́n á gbé ìwé sókè kí n lè rí i. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ Ìfẹ́ máa ń wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé nẹ́ẹ̀tì, èmi náà á gbé tèmi sí òdìkejì. Nígbà tó yá, èémí mi kò gbé ju wákàtí kan lọ. Tolú bẹ̀rẹ̀ sí í parí ohun tí mo bá bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó tún yá, òun ló ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Mo wá ń dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ bí ilé mi ṣe ń lọ láìsí mi. Mo máa ń mọ̀ bí ẹ̀wà bá ń jóná kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, n kò sì ní okun láti pariwo. Mo ń gbọ́ bí Dámi àti Tolú ṣe ń jà lórí ẹni tí yóò pọn omi, mo ń gbọ́ bí ìjà náà ṣe parí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan Ìfẹ́ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Mo gbọ́ gbì, lẹ́yìn náà igbe. Mo dìde, mo di nẹ́ẹ̀tì mú, mo ń pè é, "Ìfẹ́! Ìfẹ́, wá kí n rí ọ!" Ọmọ náà sáré kọjá níwájú fèrèsé mi pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lórúnkún, ó ń ké, "Àǹtí Tolú!" Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Kì í ṣe pé ó bínú. Kò kàn wá sí i lọ́kàn mọ́ pé èmi náà wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni ìyá ọkọ mi dé láti Kabba. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ó fẹ́ràn mi. Bí ó ṣe gbé báàgì kalẹ̀ ló wọ yàrá mi, ó jókòó sórí ibùsùn, ó fà mí mọ́ra.

"Màmá, ẹ má sún mọ́ mi o. Wọ́n ní..."

"Ta ni wọ́n? Ìyàwó mi ni ọ́. Ṣé n kò ní fọwọ́ kan ìyàwó mi?"

Láti oṣù kan ó lé, kò sí ẹni tó jókòó sórí ibùsùn yẹn.

Màmá ní ilé ìwé pálọ̀ ló fa àìsàn náà, pé bí mo ṣe ti ilé mọ́ ara mi pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta ni gbogbo ara mi fi kú. Ó fẹ́ kó wọn lọ sí Kabba. Mo kọ̀. Nígbà tó wá rí ìtọ̀ mi nínú póò, ó figbe ta. Oògùn náà ló máa ń sọ ọ́ di pupa bí ọsàn, Sista Ladi ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Màmá kò gbọ́. "Oògùn tó ń sọ ìtọ̀ ọmọ ènìyàn di ẹ̀jẹ̀, ṣé ìwòsàn nìyẹn? Àyà ló ń dùn ọ́, wọ́n tún fẹ́ ba inú rẹ jẹ́." Ó se àgbo, èèpo máńgòrò, aáyù, orógbó, nǹkan mìíràn tí n kò mọ̀. Ó ní a kì í pa àgbo pọ̀ mọ́ oògùn òyìnbó, kí n fi ọ̀kan sílẹ̀.

N kò ní purọ́ mọ́ Màmá. Kò fi tipá mú mi. Oògùn náà ń mú mi bì, ìyẹn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé èmi nìkan ni mo máa ń dá lo oògùn, ṣùgbọ́n tí mo bá ń mu àgbo, Màmá á jókòó tì mí, á di ife náà mú, á máa sọ ìtàn ìlú wa fún mi títí màá fi mu ún tán. Ẹni tó jókòó tì mí ni mo gbọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni n kò fi lo oògùn.

Ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ dára, ara mi fúyẹ́. Lọ́jọ́ kẹfà ibà náà dé ní ọ̀sán. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹsàn-án, n kò lè dìde jókòó, ẹ̀jẹ̀ sì ti padà.

N kò lọ gba oògùn ọ̀sẹ̀ náà, Sista Ladi sì pe fóònù mi lẹ́ẹ̀mẹta, n kò gbé e. Ó wọ kẹ̀kẹ́ wá sí Gonin Gora, ó ń bèèrè ilé tí ọmọ ti ń kàwé ní ojú fèrèsé. Gbogbo àdúgbò ló júwe rẹ̀ fún un. Ó wọ yàrá mi, ó rí ife àgbo, ó ka hóró oògùn tó kù, ó jókòó sórí àga, kò pariwo. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù.

"O mọ ọkùnrin tí ẹ jọ jókòó lábẹ́ dongoyárò lọ́jọ́ àkọ́kọ́?" ló bi mí. "Òun náà dá a dúró nítorí pé ara rẹ̀ yá. A kò rí i mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló wá dá káàdì rẹ̀ padà."

Ó wá yíjú sí Màmá. Haúsá ló sọ, nítorí pé kò gbọ́ Yorùbá, Màmá sì gbọ́ Haúsá ọjà díẹ̀. "Mama, abinci naki, magani nawa." Oúnjẹ ni tiyín, oògùn ni tèmi.

Mo rò pé ìjà máa ṣẹlẹ̀. Màmá kàn jókòó sílẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ìgbà yẹn ló sọ ohun tí ọkọ mi gan-an kò mọ̀: pé àbúrò òun ọkùnrin ni ikọ́ pa ní Kabba nígbà tí òun wà lọ́mọge, pé ilé kékeré kan lẹ́yìn oko ni wọ́n fi í sí, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dé ibẹ̀, òun náà kò sì dé ibẹ̀. "Mo ń gbọ́ ọ tó ń pè mí," ló wí. "Mo ti ṣèlérí pé n kò tún ní jẹ́ kí ẹni mi dá kú sínú ikọ́."

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá fúnra rẹ̀ ló ń gbé oògùn wá pẹ̀lú ògì gbígbóná. Á fa àga sẹ́nu ọ̀nà, á fi ìbòmú sójú, á máa wò mí títí màá fi gbé hóró tó gbẹ̀yìn mì. Á ní, "La ẹnu." Màá la ẹnu bí ọmọdé. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kún àkókò mi nítorí ohun tí mo ṣe.

Ó tó oṣù mẹ́ta tí mo ti wà nínú yàrá yẹn kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé n kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ti ń fojú inú wo ọjọ́ náà. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí Ìfẹ́ fẹ́ràn, mo ṣílẹ̀kùn, mo rìn wọ pálọ̀. Wọ́n ń kàwé lọ́wọ́. Wọ́n dìde, wọ́n kí mi. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, bí ẹni ń kí àlejò. Mo na ọwọ́ sí Ìfẹ́. Ó wo Tolú lójú.

"Ṣé mo lè lọ?" ló bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Mo jókòó sídìí tábìlì. Mo ní kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Bíbélì. Dámi ní, "Mọ́mì, ìṣirò ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ báyìí." Ìgbà náà ni mo rí i pé ìwé àkókò mìíràn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, ìwé ọwọ́ Tolú ni, ó fi rúlà fa ìlà rẹ̀ gún régé. Iṣẹ́ oníkálukú wà níbẹ̀. Orúkọ mi kò sí.

N kò bínú, mo lọ sí ilé ìdáná lọ sunkún. Fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn náà, èmi ni mo ń bèèrè ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé mi. Tolú kò fẹ́ dá ilé padà fún mi, n kò sì mọ bí a ṣe ń gba ilé lọ́wọ́ ọmọ tó gbé e dúró nígbà tí ìyá rẹ̀ kò lè dúró. A pín in díẹ̀díẹ̀. Mo gba ìwé kíkà. Mo gba ọbẹ̀. Ìfẹ́ padà sórí itan mi fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ òjò kan, n kò sì mí títí ó fi sùn.

Ọdún mẹ́fà nìyí. Mo ti sanra padà. Apá kan ẹ̀dọ̀fóró mi ọ̀tún ti gbó, ó máa ń hó bí ìkòkò tí ọyẹ́ bá dé, n kò sì lè kọrin gígùn nínú ẹgbẹ́ akọrin mọ́. Mo ti dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ pé kì í ṣe taifọ́ọ̀dù. Ọkọ mi dìde, ó dúró tì mí. Ìwọ tí o ń ka èyí, lọ ṣe àyẹ̀wò. Lo oògùn náà títí dé hóró tó gbẹ̀yìn, pàápàá nígbà tí ara rẹ bá yá. Wá ẹni kan tí yóò máa wò ọ́ bí o ṣe ń gbé e mì. Ìwọ tí ènìyàn rẹ ń ṣàìsàn yìí, fi ìbòmú sójú, ṣí fèrèsé, kí o sì fa àga sẹ́nu ọ̀nà.

Tolú ń lọ sí yunifásítì ní Zaria lóṣù yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a jọ ń ṣa ẹ̀wà ní fàráńdà, mo wá sọ fún un pé kí ó forí jì mí fún oṣù mẹ́ta yẹn tí mo sọ ọ́ di ìyá ọlọ́mọ. Ó ní iṣẹ́ ilé kọ́ ló le.

"Kí ló wá le?"

"Mo máa ń tẹ́tí sí ògiri yàrá yín kí n tó sùn. Tí ẹ bá ti wúkọ́, mo mọ̀ pé ẹ wà láàyè, màá sùn. Tí n kò bá gbọ́ yín, n kò ní lè sùn."

Mo sọ fún un pé mo máa ń ki ẹnu bọ inú ìrọ̀rí tí ikọ́ bá fẹ́ gbé mi lálẹ́, kí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ má bàa gbọ́, kí ẹ̀rù má bàa bà wọ́n.

Ó gbé àtẹ ẹ̀wà kalẹ̀. Ó sún mọ́ mi títí èjìká wa fi kan ara wọn, ó gbé etí lé mi láyà, níbi tó ti ń hó, a sì jókòó bẹ́ẹ̀.